Ẹ̀wà Sèsé Lẹ́yìnkùlé Yín

Àwọn kan nínú yín ti ń bi mí léèrè bóyá ẹni tí ó ń gbé ní Dùgbẹ̀, níbi tí ilé fara ti ilé, lè gbin ẹ̀wà jẹ. Ó lè gbìn ín, bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ń fà lórí ọ̀pá, nítorí òkè ni ó ń lọ, ilẹ̀ díẹ̀ ni ó ń fẹ́. Sèsé ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ ìlera ni èyí. Àwọn oníṣòwò kan a máa da òtapíápíá, èyí tí í ṣe dichlorvos, sí ẹ̀wà ọjà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ní ọdún 2015 ni European Union ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa nítorí oògùn yìí. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ní àjẹjù, itọ́ a máa dà lẹ́nu rẹ̀, òógùn a bò ó, ojú rẹ̀ a ṣú, èémí a sì há. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí òjò bá ti dúró dáadáa, ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ wá àpò ìrẹsì, ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì bu ilẹ̀ tí ó mọ́ sí i. Ẹ má ṣe bu ti ẹ̀bá gọ́tà, tàbí ti ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń tú bátìrì mọ́tò, nítorí òjé. Ẹ gbin hóró méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ ri ọ̀pá tí ó ga ju ènìyàn lọ mọ́lẹ̀, bí àgbẹ̀ ti ń ṣe fún iṣu. Kò fẹ́ ajílẹ̀ púpọ̀: àwọn ohun tín-tìn-tín tí ń gbé ní gbòǹgbò rẹ̀ a máa fa oúnjẹ fún un láti inú afẹ́fẹ́. Ewé lásán ni ajílẹ̀ àpọ̀jù ń mú wá.

Yóò tó oṣù márùn-ún sí méje kí ó tó gbẹ. N kò ní sọ fún yín pé àpò mẹ́ta yóò bọ́ ilé ọlọ́mọ márùn-ún. Irọ́ gbáà ni! Ṣùgbọ́n yóò tó láti fi kún ògì ọmọ tí ẹ ń já lẹ́nu ọmú, nítorí ògì nìkan kò ní purotéènì tí ó tó o. Ẹ rẹ sèsé mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ sè é títí yóò fi rọ̀ pátápátá. Ó ń pẹ́ lórí iná gan-an, ẹ má kánjú, nítorí èyí tí kò jinná a máa da inú rú. Ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná fún ọmọ.

Awùjẹ náà ń fà lórí ọ̀pá, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú rẹ̀ ní tútù. Ẹ rẹ òun náà, ẹ da omi nù, kí ẹ sì sè é láìdé ìkòkò.

Èyí tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú, ẹ sá a gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò tí kò rí afẹ́fẹ́ mí yóò kú sínú rẹ̀ láìsí oògùn kankan.