Àwòrán Àtijọ́ Nínú Géèmù Òde Òní: Àná Ta Ni Ọmọ Wa Ń Rántí?

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ eré ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n n kò fi í ṣeré. Bí ó ti yẹ kí á fi ojú ìmọ̀ wo àlọ́, ayò ọlọ́pọ́n àti eré òṣùpá, bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí á wo eré tí àwọn ọmọ wa ń ṣe lójú ẹ̀rọ, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní géèmù.

Ohun tí ó ta mí jí sí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ilé wa ní Àjàgbà, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà ìsinmi Kérésì kan. Ìyàwó mi ń bó ẹ̀gẹ́ tí yóò fi ṣe púpurú. Ọmọ-ọmọ wa tí ó ti Èkó wá jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ fóònù. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Oko ni ó ń ro nínú fóònù náà, ó ń bomi rin irúgbìn, ṣùgbọ́n àwòrán náà kò jọ̀lọ̀; etí igi àti etí ilé rí págunpàgun bí eyín ayùn. Mo ní, “Ṣé ojú fóònù rẹ ti bàjẹ́ ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Rárá o, Bàbá àgbà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yà á bẹ́ẹ̀ ni.”

Ọ̀rọ̀ náà, “mọ̀ọ́mọ̀”, ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Kí ni ó dé tí ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè ya igi kí ó jọ igi gidi yóò fi máa yàwòrán bí ẹni pé ọdún 1985 ni a ṣì wà? Ìbéèrè kejì sì tẹ̀ lé e: àná ta ni ó ń yà?

Àìtó tí ó di ọgbọ́n

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí àwòrán ṣe ń jókòó sójú ẹ̀rọ. Ẹ wo ẹní aláràbarà tí àwọn Ìlàjẹ, aládùúgbò wa, ń hun. A kò fi ọ̀dà ya ọnà ara ẹní. Ibi tí koríko aláwọ̀ kan ti yọ sókè tí òmíràn sì bọ́ sábẹ́ ni ó para pọ̀ di ọnà. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ojú ẹ̀rọ rí. Ojú kéékèèké onígun mẹ́rin ni a tò jọ, olúkúlùkù sì gba àwọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn oníṣẹ́ ń pe ojú kọ̀ọ̀kan ní píksẹ̀lì.

Ní ọdún 1983, ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé ẹ̀rọ Famicom jáde ní Jàpáànù. Ní ọdún 1985, ó dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ NES. Àwòrán rẹ̀ ní ojú 256 ní ìbú àti 240 ní òró, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 61,440. Fóònù tí ó ní 1,920 ní òró àti 1,080 ní ìbú ní ju mílíọ̀nù 2 lọ. Lórí Famicom, àwọ̀ mẹ́ta péré ni a lè fi ya ègé kọ̀ọ̀kan lára ẹ̀dá tí ó ń rìn. Bí irú ègé bẹ́ẹ̀ bá ju mẹ́jọ lọ lórí ìlà kan, èyí tí ó lé kì í hàn. Nítorí náà, wọ́n a máa fi wọ́n hàn ní ìyípo, àwọn ẹ̀dá inú eré a sì máa ṣẹ́jú.

Inú àìtó yìí ni ọgbọ́n ti jáde. Shigeru Miyamoto, tí ó ya Mario fún eré Donkey Kong ní ọdún 1981, dé e ní fìlà nítorí pé irun ṣòro láti yà. Ó fún un ní irunmú nítorí pé àyè kò gba ẹnu. Nínú Super Mario Bros. ti ọdún 1985, àwòrán kan náà ni ìkùukùu ojú ọ̀run àti igbó ilẹ̀. Àwọ̀ nìkan ni a yí padà. Alágbẹ̀dẹ tí irin rẹ̀ kò pọ̀ kì í fi ṣòfò.

Ìdí tí wọ́n fi mọ̀ọ́mọ̀ padà sẹ́yìn

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìdí mẹ́ta ni mo rí tí àwọn tí ń ṣe géèmù lónìí fi ń wo ẹ̀yìn.

Èkíní ni iye ọwọ́. Àwòrán tí ó jọ ohun gidi ń béèrè ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ àti owó ńlá. Géèmù oko tí ọmọ-ọmọ mi ń ṣe ni Stardew Valley, tí ó jáde ní ọdún 2016. Ẹnì kan ṣoṣo, Eric Barone, ará Amẹ́ríkà, ni ó fi ohun tí ó ju ọdún mẹ́rin lọ ya àwòrán rẹ̀, kọ orin rẹ̀, tí ó sì ṣe ètò rẹ̀. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, iye tí a tà ti kọjá mílíọ̀nù 40.

Èkejì ni ìkóra-ẹni-níjàánu. Joseph White ṣe irinṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ PICO-8, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín in kù: ojú 128 ní ìbú, 128 ní òró, àti àwọ̀ 16. Lórí rẹ̀ ni Maddy Thorson àti Noel Berry ti ṣe eré kékeré kan ní ọjọ́ mẹ́rin, èyí tí ó wá di Celeste, géèmù olókìkí ti ọdún 2018. Ẹni tí ó mọ ibi tí pápá rẹ̀ parí sí ni ó ń tètè bẹ̀rẹ̀ sí í gbin nǹkan.

Ẹ̀kẹta ni ìrántí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti díjú. Àwọn tí ó ṣe Shovel Knight, tí ó jáde ní ọdún 2014, fi òfin Famicom de ara wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n rú díẹ̀ nínú rẹ̀: wọ́n fi àwọ̀ bíi mélòó kan kún un, wọ́n fẹ ojú àwòrán, wọn kò sì jẹ́ kí àwọn ẹ̀dá rẹ̀ máa ṣẹ́jú. Eré ọdún 1985 kọ́ ni wọ́n ṣe bí kò ṣe eré tí ọkàn ènìyàn rò pé òun rí ní ọdún 1985. Èmi fúnra mi jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ní nǹkan bí ọdún 1994, àwọn ọmọ mi ń fi ayédèrú Famicom ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n wa nígbàkígbà tí a bá tan jẹnẹrétọ̀. N kò rí etí bí eyín ayùn nígbà náà. Tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn a máa jẹ́ kí àwọ̀ ojú kan ṣàn díẹ̀ wọ inú èkejì, àwọn ayàwòrán sì mọ̀, wọ́n ń lò ó. Àwòrán onígun ṣáṣá tí a ń pè ní ti àtijọ́ lónìí, ẹ̀yà kan lára àtijọ́ ni. Ẹnì kan ni ó ṣà á, tí ó sì fọ̀ ọ́ mọ́.

Àná ta ni?

Bí ó bá jẹ́ ṣíṣà ni a ń ṣa àtijọ́, a ní láti béèrè ẹni tí ó ń ṣà á. Géèmù kan láti Jàpáànù, Harvest Moon, ni ó ta Barone jí. Àná àwọn ará Jàpáànù ni ó kọ́ lára rẹ̀, ó fi oko ilẹ̀ tirẹ̀ kún un. N kò bá a wí. Ohun tí ó fẹ́ràn ni ó yà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tiwa. A kò tíì bí i nígbà tí ayédèrú Famicom kú sílé wa. Ìrántí tí ó ń dùn mọ́ ọn kì í ṣe tirẹ̀, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀ pàápàá. Irúgbìn tí ó kọ́kọ́ gbìn nínú géèmù náà kò sí ní oko Ìkálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ gidi wà ní ìwọ̀n apá kan sí i, tí kò bojú wò ó.

Àwọn kan yóò ní kí á gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Èmi kò rò pé èyí ni oògùn rẹ̀. Ohun tí a kò bá yà fún ọmọ, ẹlòmíràn yóò ya tirẹ̀ fún un. Àwọn kan nílẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Maliyo Games, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, ṣe eré kéékèèké nípa ìgbésí ayé wa, irú bíi Okada Ride. Ní Kamẹrúùnù, Kiro'o Games gbé Aurion jáde ní ọdún 2016, ó sì gbé ìtàn rẹ̀ ka orí èrò àti àṣà Áfíríkà.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

Mo fẹ́ kí á ṣàkíyèsí pé ìmọ̀ píksẹ̀lì kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí ó ń hun ẹní tàbí aṣọ òfì ti ń ka ojú kí a tó gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà. Ọpọ́n ayò, ihò 12 àti ọmọ ayò 48, géèmù tí òfin rẹ̀ pé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni púpurú: a bó ẹ̀gẹ́, a rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, a fún omi rẹ̀ dànù, a mọ ọ́n róbótó, a yá a lórí iná, a ha dúdú ara rẹ̀ kúrò, a lọ̀ ọ́, a sì rò ó. Ìpele mẹ́jọ ni mo kà yẹn. Ẹni tí ó bá kánjú níbi kan, ìpele tí ó kàn yóò fi hàn án. Kí ni a tún ń wá nínú géèmù?

Iná mànàmáná kì í sábà dúró, owó dátà sì wọ́n. N kò fi èyí pa mọ́. Àmọ́ géèmù aláwòrán kékeré kì í gbà ju àyè díẹ̀ lọ, fóònù tí kò wọ́n sì lè gbé e. Àìtó tí ó bí ọgbọ́n ní Jàpáànù ṣì wà pẹ̀lú wa. Àwa kò ní láti mọ̀ọ́mọ̀ dá a sílẹ̀.

Ìkádìí

Lọ́jọ́ kejì, mo fún ọmọ-ọmọ mi ní ìwé ìṣirò alápótí kéékèèké. Mo ní kí ó ka ojú 16 ní ìbú àti 16 ní òró, kí ó sì ya púpurú tí ó wà lórí iná. Ó rò pé iṣẹ́ rírọrùn ni. Ó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Níkẹyìn ó gbé ìwé náà tọ ìyàwó mi lọ, ó ní, “Ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, àwọ̀ wo gan-an ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ní kí ẹ tó ha á?” Ìyàwó mi fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì jókòó tì í láti sọ fún un. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kí ọmọ náà bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.