Àròkò Lára Ẹ̀rọ: Bí A Ṣe Ń Ka Iná àti Ìpele Ìkìlọ̀ Sáfà Tẹlifóònù

Láyé àwọn baba wa, kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ọba ń fi ẹnu ránṣẹ́ sí ìlú kejì. Nígbà mìíràn, àròkò ni yóò dì ránṣẹ́. Owó ẹyọ mélòó kan, ìyẹ́ ẹyẹ, tàbí okùn tí a so ní ọ̀nà kan pàtó, ọ̀rọ̀ ni gbogbo wọn. Ẹni tí ó mọ àròkò yóò ka iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé ẹrù lásán ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn iná kéékèèké tí ń tàn, tí ń ṣẹ́jú, lára ẹ̀rọ tí ń darí tẹlifóònù ní ọ́fíìsì, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń kọjá níwájú wọn lójoojúmọ́ láì mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ní Malete níbí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Moro, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009 ni ọ́fíìsì àti ilé iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i láàrin wa. Nígbà kan rí, NITEL tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1985 ni ó ń darí tẹlifóònù ní orílẹ̀-èdè wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni GSM dé, tí tẹlifóònù sì di ohun àfisápò. Àwọn kan rò pé ìgbà náà ni tẹlifóònù orí tábìlì parí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí yàrá púpọ̀ bá ti ń lo nọ́ńbà kan náà, ohun kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa pín ìpè fún wọn.

KÍ NI SÁFÀ TẸLIFÓÒNÙ?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ki wáyà bọ ojú ihò láti so olùpè pọ̀ mọ́ ẹni tí ó ń pè. Ará Amẹ́ríkà kan, Almon Strowger, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú òkú fún ìsìnkú, ni ó gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1891 fún ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe é, òun ni a ń pè ní sáfà. Bí ó bá dákẹ́, gbogbo tẹlifóònù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò dákẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ṣe é fi fún un ní ọ̀nà láti ké kí ó tó ṣubú.

ÀWỌ̀ INÁ

Àṣà tí àgbáyé fi ọwọ́ sí ni pé iná pupa ń sọ ti ewu, iná àwọ̀ ìyeyè ń sọ pé nǹkan kò lọ déédéé, iná àwọ̀ ewé sì ń sọ pé àlàáfíà ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó ń tẹ̀ lé e. Lára àwọn káàdì inú ẹ̀rọ Definity, tí Avaya jogún lọ́wọ́ Lucent lọ́dún 2000, iná pupa ń sọ pé àìṣedéédé wà, iná àwọ̀ ìyeyè ń sọ pé ẹnìkan ń lo ọ̀nà náà lọ́wọ́, iná àwọ̀ ewé sì ń sọ pé ẹ̀rọ ń yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹni tí kò mọ èyí lè sáré pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ nítorí pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù!

Iná tún wà fún ọ̀nà tí ó so wá mọ́ ìta. Ní èdè àwọn ará Amẹ́ríkà, ìkìlọ̀ pupa túmọ̀ sí pé àwa kò gbọ́ ohun tí ó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ìkìlọ̀ àwọ̀ ìyeyè túmọ̀ sí pé ẹnì kejì ni kò gbọ́ tiwa, tí ó sì ń fi tó wa létí. Ìkìlọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ìdíwọ́ wà níbì kan ṣáájú, ẹ̀rọ àárín sì ń ránṣẹ́ pé kí a má retí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ mẹ́ta yìí yóò mọ̀ bóyá ilé tirẹ̀ ni kí ó tún ṣe, tàbí kí ó pe ilé iṣẹ́ tí ó ta ọ̀nà fún un.

ÌPELE ÌKÌLỌ̀

Lọ́dún 1992, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, tẹ ìlànà X.733 jáde, èyí tí ó to ìkìlọ̀ sí ìpele. Critical ni ó ga jù: iṣẹ́ ti dúró, ẹ dìde lójú ẹsẹ̀. Major tẹ̀ lé e: iṣẹ́ ti bàjẹ́ gidigidi, kò yẹ kí ó di ọ̀la. Minor ń sọ pé àìṣedéédé wà tí kò tí ì pa iṣẹ́ lára, ṣùgbọ́n tí ó yẹ kí a tún ṣe kí ó má baà le sí i. Warning ń sọ pé ohun kan ń bọ̀ lọ́nà. Bí ọ̀ràn bá ti yanjú, ẹ̀rọ yóò kọ Cleared. Olójú jíjìn, òkèèrè ni ó ti ń mẹ́kún sun. Iṣẹ́ ìpele méjì ìsàlẹ̀ nìyí.

Ìpele ìsàlẹ̀ yìí ni a sábà máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. A rántí ọ́fíìsì kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, kí fóònù alágbèéká tó kárí. Iná kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ tẹlifóònù wa. Nítorí pé tẹlifóònù ṣì ń dún, a kò bìkítà. Nígbà tí iná náà ń yọ wá lẹ́nu, a fi bébà bò ó. Dísíìkì méjì ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà, kí ọ̀kan lè dúró fún èkejì. Ọ̀kan ti kú, òun ni iná náà ń wí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iná mànàmáná lọ, ó sì dé padà pẹ̀lú agbára, ni dísíìkì kejì bá kú. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wà láì gbọ́ ìpè kankan. Nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni ìdílé kan ń pè wá pé bàbá àgbà kan ń ṣàìsàn, ó sì fẹ́ kí a wá gbàdúrà fún òun. Nígbà tí a ó fi gbọ́, bàbá ti jáde láyé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. A kò gbàgbé bébà yẹn títí di òní.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ẹ jẹ́ kí a mọ bí ẹ̀rọ wa ṣe ń rí nígbà tí ara rẹ̀ dá. Kí a ya àwòrán iná rẹ̀ sórí bébà, kí a kọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé ìlànà rẹ̀, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kí a yan ẹnìkan tí yóò máa wò ó láràárọ̀, tí yóò sì kọ ọjọ́, àkókò àti ìpele ìkìlọ̀ sílẹ̀. Bí ìkìlọ̀ bá dé, kí a má ṣe pa ẹ̀rọ kí a sì tún un tàn kí a tó kọ ohun tí ó sọ, nítorí ẹ̀rí lè bá a lọ. Ní àkókò ọyẹ́, kí a gbọn eruku ojú fáànù rẹ̀. Ooru àti eruku a máa pa ẹ̀rọ. Kí a sì máa yẹ bátìrì tí ń gbà á sílẹ̀ wò kí jẹnẹrétọ̀ tó dé.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rọ kò lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ka àròkò rẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń ránṣẹ́.