Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ohùn arò kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkòtún títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, àti láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìgándò. Bàbá kan á ní: "Mo ta ilẹ̀, mo jẹ gbèsè, kí ọmọ mi lè kọ́ ìmọ̀ ilé yíyà ní yunifásítì. Ó kọ́ ọ yanjú, ó gba ìwé ẹ̀rí. Lónìí, yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn ni ó jókòó tí ó ń ṣe!" Àwọn tí ó wà níbẹ̀ a mi orí, wọn a sì máa kí bàbá náà kú àmúmọ́ra, bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ní tiwa, a kò gbà pé ọ̀fọ̀ ni, ìdí sì nìyí tí a fi mú gègé lónìí.

A kò gbọdọ̀ fi irú bàbá bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbòǹgbò. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni nínú wọn tí kò fẹ́ ilé tí yóò fi orí pamọ́ sí. Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa kò gbàgbé iṣẹ́ ribiribi tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande ṣe láàárín 1979 sí 1983, èyí tí àwọn ilé Abẹ́sàn jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀ títí di òní. Wọn kò sì gbàgbé ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, nígbà tí ilé alájà púpọ̀ kan wó ní Ìkòtún, tí ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Ìlú tí ojú rẹ̀ ti rí irú èyí, ó ha yẹ kí ó máa wo ayàwòrán ilé níran bí ó ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ mú òòlù alágbẹ̀dẹ wúrà? Ìbéèrè gidi ni. Kí a tó dáhùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ìgbésí ayé ọkùnrin méjì, ọ̀kan ní òkè òkun, èkejì ní Òṣogbo nílé wa níhìn-ín.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Art Smith. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni. Ilẹ̀ Cuba ni a bí i sí ní 1917, ṣùgbọ́n ará Jàmáíkà ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó gbogbo ẹbí lọ sí Brooklyn ní ìlú New York nígbà tí ó wà ní kékeré. Ó mọ àwòrán yà, èyí ni ó sì gbé e dé Cooper Union, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú inú rẹ̀ kò pọ̀ rárá nígbà náà. Àwọn agbaninímọ̀ràn ibẹ̀ ní ilé yíyà ni kí ó kọ́, nítorí pé yóò lè tètè rí iṣẹ́ ìjọba. Ìmọ̀ràn rere ni, bàbá wa ti Alímọ̀ṣọ́ kì bá sì gba ọmọ rẹ̀ ní ìmọ̀ràn mìíràn. Smith dán an wò, ṣùgbọ́n ìṣirò kò bá a lára mu, ó sì yà sí ẹ̀kọ́ ère ṣíṣe. Ó parí ẹ̀kọ́ náà ní 1940, ó tún lọ kọ́ṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́, ó sì ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ ní àdúgbò Greenwich Village ní 1946.

Kò rọrùn fún un. Ní òpópónà Cornelia tí ó kọ́kọ́ dúró sí, àwọn tí kò fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú láàárín wọn ba ìsọ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì kó lọ sí òpópónà mìíràn. Bàbà àti idẹ ni ó fi ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe wúrà olówó iyebíye. Síbẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé ti ń wo ilẹ̀ kí ó tó fa ìlà, bẹ́ẹ̀ ni Smith ń wo ọrùn, èjìká àti apá ènìyàn kí ó tó tẹ bàbà. Ó ka ara ẹni tí yóò lo ohun ọ̀ṣọ́ náà mọ́ ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún Duke Ellington, ọ̀gá olórin. Ó sì ṣe ohun ọ̀ṣọ́ àyà fún Eleanor Roosevelt, tí ó jẹ́ aya ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí. Ó kú ní 1982. Ní 2008, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Brooklyn pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún aráyé wò, ní ìlú New York kan náà tí wọ́n ti ba ìsọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ẹnì kejì ni Àṣírù Ọlátúńdé. Òṣogbo ni a bí i sí ní 1918, ní ìdílé alágbẹ̀dẹ. Ẹwìrì, ẹmú àti owú ni ó lajú bá nílé. Nígbà tí àìlera kò jẹ́ kí ó lè máa ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ líle mọ́, kò ká ọwọ́ lẹ́rán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi bàbà ṣe ohun ọ̀ṣọ́ wẹ́wẹ́ bíi yẹtí. Susanne Wenger, tí àwọn ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti Ulli Beier rí iṣẹ́ náà, wọ́n sì kí i láyà. Láti orí yẹtí, ó bọ́ sórí páànù bàbà àti ti alumíníọ̀mù fífẹ̀, ó ń fi òòlù lu àwòrán sí wọn lára: ẹranko, igi, ọdún Ọ̀ṣun, àti ìtàn inú Bíbélì. Kí ó tó di olóògbé ní 1993, òkìkí rẹ̀ ti kọjá òkun.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ wo bí ọ̀nà àwọn méjèèjì ti pàdé ara wọn. Smith kúrò nídìí ilé yíyà, ó dé ọrùn ènìyàn. Àṣírù kúrò nídìí ohun ọ̀ṣọ́ etí, ó dé ara ògiri ilé. Bàbà kan náà ni àwọn méjèèjì lù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹ̀kọ́ tí ó bá sì wọ ara ènìyàn kì í ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí a wá dáhùn ìbéèrè wa. Àwa kò sọ pé Alímọ̀ṣọ́ kò nílò ayàwòrán ilé. Ó nílò wọn gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sídìí iṣẹ́ náà kìkì nítorí omijé bàbá rẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí a gbé ẹ̀mí wa lé lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí ọkàn kò bá sí nínú rẹ̀, ojú lásán ni a fi ń ṣe é. Bákan náà, kí àwọn ọ̀dọ́ má ṣe fi ọ̀rọ̀ wa bojú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó kúrò nídìí iṣẹ́ ni ó ń pààrọ̀ iṣẹ́. Àwọn mìíràn ń sá fún iṣẹ́ ni. Smith tún lọ kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí. Òòlù kò sì fi ọwọ́ Àṣírù sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ yọ níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún ọmọ gbogbo wa. Kì í ṣe kí ọmọ lè di akọ̀wé nìkan ni a ṣe ṣí i, kí ó lè di ènìyàn ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ di ohun tí a ń fi jẹ olódo níyà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, tí ẹ ń to ìlà láti dìbò, ẹ bi àwọn tí ẹ yàn sí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ léèrè: níbo ni ọmọ tí ó ń rọ bàbà ní Alímọ̀ṣọ́ yóò ti rí ààyè iṣẹ́ tí iná kò ní jó mọ́ aládùúgbò rẹ̀ lára, kí ó sì tún rí ibi tí yóò ti pàtẹ ọjà?

Ní ti bàbá wa tí ó ń dárò, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ jókòó ti ọmọ yín níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo bí ó ti ń wọn ohun tí ó fẹ́ gé kí ó tó gé e; ibẹ̀ ni ẹ óò ti rí owó ilẹ̀ tí ẹ tà. Kí ẹ sì ní kí ó ṣe yẹtí kan fún ìyá rẹ̀ tí yóò fi lọ sí òde. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ilé bá kọ ẹ̀ṣọ́ tí ọmọ rẹ̀ ṣe, ta ni yóò bá a lò ó lóde?