Sẹ́ńsọ̀ Ọ́síjìn Lára Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́: Àyẹ̀wò àti Pípààrọ̀ Rẹ̀ ní Agbègbè Lekki àti Ajah

Ìfáàrà
Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí ó ń ná ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ni ó jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò fún ọdún gbọọrọ lókè òkun kí ó tó dé Èkó. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọdún 2023, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń mu epo ní àmujù kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Bí iná "check engine" bá sì tàn, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn wà lára ohun tí a tètè máa ń di ẹ̀bi rù. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé ẹlẹ́rìí ni sẹ́ńsọ̀ yìí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó máa ń jẹ́ ọ̀daràn. A ó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò àti bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ tí Sẹ́ńsọ̀ Ń Ṣe
Ilé iṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì ni ó kọ́kọ́ ṣe sẹ́ńsọ̀ yìí fún ọkọ̀ Volvo ní ọdún 1976. Ojú ọ̀nà tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà lọ sí sàlẹ́ńsà ni a máa ń dè é mọ́. Ó ń fi ọ́síjìn tí ó ṣẹ́kù nínú èéfín wé ti afẹ́fẹ́ òde. Nígbà tí ó bá ti gbóná dáadáa, yóò máa fi iná mànàmáná díẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní "brain box". Bí iná náà bá súnmọ́ 0.9 volt, epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá súnmọ́ 0.1 volt, afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù. Kọ̀ǹpútà yóò wá dín epo kù tàbí kí ó fi kún un, kí ó lè jẹ́ ìwọ̀n 14.7 afẹ́fẹ́ sí ìwọ̀n 1 epo. Sẹ́ńsọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn catalyst, ìyẹn ẹ̀yà ọkọ̀ tí ń dín oró èéfín kù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ṣọ́ bóyá catalyst náà ń ṣiṣẹ́.

Àyẹ̀wò
Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun fún ọjà Amẹ́ríkà ti ní ojú OBD-II tí a ń ki ẹ̀rọ scan bọ̀. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ yìí bá gbé jáde ni a gbọ́dọ̀ túmọ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n. P0135 ń tọ́ka sí ohun tí ń mú sẹ́ńsọ̀ iwájú gbóná tàbí wáyà rẹ̀. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ó lè jẹ́ pé rọ́bà afẹ́fẹ́ ya, pé ọ̀nà èéfín jò ṣáájú sẹ́ńsọ̀, tàbí pé pọ́ǹpù epo ti rẹ̀. P0420 ń sọ ti catalyst. Bí wọ́n bá ti gé catalyst kúrò, kò sí sẹ́ńsọ̀ tuntun tí ó lè wò ó sàn.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Methanol ní ọ́síjìn nínú; nítorí náà, irú epo bẹ́ẹ̀ lè mú kí sẹ́ńsọ̀ tí ó yè kooro sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Òótọ́ ni ó sọ.

Nítorí náà, kí á tó ra sẹ́ńsọ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ wáyà àti orí rẹ̀ wò. Àárín ọ̀sà àti òkun ni Lekki wà; atẹ́gùn oníyọ̀ àti ìkún omi, irú èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2017, lè mú kí orí wáyà dípẹtà. Lẹ́yìn èyí, kí á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí á sì fi mítà wo sẹ́ńsọ̀ iwájú. Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò láàárín 0.1 àti 0.9 volt. Bí a bá tú rọ́bà afẹ́fẹ́ kékeré kan, kí iná náà sì wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹlẹ́rìí náà kò tíì kú. Bí kò bá mira rárá, tí wáyà rẹ̀ sì dára, a lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ Toyota kan ń lo irú sẹ́ńsọ̀ mìíràn níwájú. A kò gbọdọ̀ fi òdiwọ̀n yìí ṣèdájọ́ wọn.

Pípààrọ̀ Rẹ̀
Kí á pa ẹ́ńjìnnì títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́wọ́, kí á sì tú orí bátìrì. Kí á fọ́n òróró tí ń tú ìpẹtà sí ìdí sẹ́ńsọ̀, kí á ní sùúrù, kí á tó fi sípánà 22 tí ó ní ojú fún wáyà tú u. Ẹni tí ó bá fi agbára fà á lè ba ojú ihò rẹ̀ jẹ́. Sẹ́ńsọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà ti àtijọ́ mu. Òróró tàbí gọ́ọ̀mù silicone kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀, nítorí pé silicone máa ń pa á. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń jó ọ́ìlì, èyí ni kí á kọ́kọ́ tọ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tuntun náà yóò bá ti àtijọ́ lọ.

Àgbálọgbábọ̀
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Iná tí ó tàn jẹ́ àmì. Ohun tí ó fà á ni àrùn. Bí olùkọ́ Basic Technology bá fi mítà àti sẹ́ńsọ̀ àlòkù kan kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìyàtọ̀ yìí, ẹ̀kọ́ náà yóò wúlò fún wọn kọjá ìdí ọkọ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ẹlẹ́rìí kò ní náwó sí ohun tí kò bàjẹ́.