Bí A Ṣe Ń Yan Ṣájà Tí Ó Yẹ Fóònù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ṣájà rí lónìí. Ẹni tí ó bá dé Ìwó Road ní ìlú Ìbàdàn, níbi tí àwọn èrò ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, Ifẹ̀, Iléṣà àti Ìwó, yóò rí ṣájà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Wọ́n kó wọn sínú ìsọ̀, wọ́n pàtẹ wọn sórí tábìlì lábẹ́ agboòrùn, wọ́n sì so wọ́n rọ̀ mọ́ ọwọ́ àwọn tí ń kiri láàárín ọkọ̀. Dúdú wà níbẹ̀, funfun wà níbẹ̀. Ọ̀kan wọ́n, èkejì kò wọ́n. Ojú lásán kò lè sọ èyí tí yóò ṣe fóònù lóore, èyí tí yóò bà á jẹ́, àti èyí tí ó lè dáná sun ilé. Ṣùgbọ́n a kọ ìwé kéékèèké sára ṣájà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá lè ka ìwé náà, tí ó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kò ní fi owó ara rẹ̀ ra ìyọnu.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2001, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà, fóònù ti kúrò ní ohun ọ̀ṣọ́ àwọn olówó. Òun ni ìyá aláṣọ fi ń mọ̀ bóyá owó tí oníbàárà fi ránṣẹ́ ti wọlé sí báńkì. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wo èsì ìdánwò rẹ̀. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú, iṣẹ́ òòjọ́ ẹlòmíràn dúró nìyẹn. Ní àtijọ́, inú páálí fóònù ni a ti ń bá ṣájà rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2020 tí ilé iṣẹ́ Apple ti yọ orí ṣájà kúrò nínú páálí, àwọn mìíràn ti tẹ̀ lé e, ó sì di dandan kí olúkúlùkù mọ bí a ti ń fúnra ẹni yàn.

Kí ni iṣẹ́ ṣájà gan-an? Iná tí ń wọ ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 volt, ó sì ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bátìrì fóònù kò lè gba irú iná bẹ́ẹ̀. Iná tí kò le, tí ó sì ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ, ni ó ń fẹ́. Ṣájà ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì: ó ń rọ iná ńlá náà lójú wá sí 5 volt tàbí 9 volt, ó sì ń mú un gba ọ̀nà kan. Ohun tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ni à ń pè ní orí ṣájà. Èyí tí ó so orí náà mọ́ fóònù ni okùn ṣájà.

Ẹ jẹ́ kí a fi omi ṣe àpẹẹrẹ kí ọ̀rọ̀ volt, ampere àti watt lè yé wa. Bí a bá gbé táńkì omi sórí òpó gíga, omi rẹ̀ yóò tú jáde pẹ̀lú ipá ju ti táńkì tí ó wà nílẹ̀ lọ. Ipá tí ń ti omi yìí ni a lè fi volt wé. Ìwọ̀n omi tí ń gba inú páìpù kọjá ni a lè fi ampere wé. Bí a bá sì sọ volt di púpọ̀ pẹ̀lú ampere, a ó rí watt, èyí tí ń sọ bí iṣẹ́ tí iná náà ń ṣe ti yá tó. Orúkọ àwọn onímọ̀ ni a fi pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Alessandro Volta ará Ítálì, André-Marie Ampère ará Faransé, àti James Watt ará Scotland. Nítorí náà, ṣájà tí a kọ 5V àti 2A sí lára jẹ́ ṣájà 10 watt. Èyí tí a kọ 9V àti 2A sí jẹ́ 18 watt.

Ohun èkíní tí a ó yẹ̀ wò ni ẹnu okùn ṣájà. Nígbà kan rí, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹnu tirẹ̀; kódà fóònù Nokia nìkan ní ẹnu nínípọn àti ẹnu tín-ín-rín. Lẹ́yìn èyí ni ẹnu pẹlẹbẹ kékeré kan gbòde, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan fẹ̀ ju èkejì lọ, tí kò ní wọlé bí a kò bá yí i sí ojú tí ó tọ́. Èyí tí ó gbòde báyìí ni Type-C, tí ojú méjèèjì rẹ̀ rí bákan náà. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni òfin ti fi dandan lé e ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pé ẹnu Type-C ni kí gbogbo fóònù tuntun tí a bá ń tà níbẹ̀ máa lò. Apple pàápàá ti gbà á sára fóònù rẹ̀ láti ọdún 2023. Síbẹ̀, pé ẹnu okùn bá ihò fóònù mu kò fi hàn pé ṣájà náà dára. Ẹnu lè bá ẹnu mu kí inú má dára.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ Input, èyí tí ó túmọ̀ sí iná tí ń wọlé. Níbẹ̀ ni ó yẹ kí a rí 100–240V. Iye yìí fi hàn pé ṣájà náà lè gba iná ilé wa. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan ni a kọ, fún ilẹ̀ bí Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é. Ẹni tí ó bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ìbàdàn ń pe iná ni.

Ohun kẹta ni ọ̀rọ̀ Output, èyí tí ó túmọ̀ sí iná tí ń jáde lọ sínú fóònù. Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn wà. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ṣájà tí ampere rẹ̀ pọ̀ yóò jó fóònù. Ẹ̀rù náà kò ní ìdí. Ampere tí a kọ sára ṣájà ni ìwọ̀n tí ó lè pèsè, kì í ṣe ìwọ̀n tí yóò fi tipátipá rọ sínú fóònù. Ìyá tí ó ro àmàlà kún ìkòkò kò ní kí ọmọ kan ṣoṣo jẹ ẹ́ tán. Ìwọ̀n tí ikùn ọmọ bá gbà ni ọmọ yóò jẹ. Bákan náà ni fóònù: ìwọ̀n tí ó bá lè gbà ni yóò fà.

Ti volt ni kò rí bẹ́ẹ̀. Volt gbọ́dọ̀ bá fóònù mu. Ìdí nìyí tí ṣájà ayáragbaná tí a ṣe dáadáa fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 5 volt. Bí fóònù bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò béèrè. Ṣájà yóò sì gbé e sókè sí 9 volt tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ara wọn. Èdè kan wà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé iṣẹ́ jọ ń lò, tí à ń pè ní USB Power Delivery. Àwọn ilé iṣẹ́ kan sì ní èdè tiwọn lọ́tọ̀. Bí ṣájà àti fóònù kò bá gbọ́ èdè ara wọn, ṣájà yóò dúró lórí 5 volt. Fóònù kò ní bàjẹ́. Yóò kàn pẹ́ kí ó tó kún ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, kí a lè mọ ohun tí pípẹ́ yìí ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ọ̀pọ̀ fóònù ni ó ní bátìrì 5000 mAh. Kí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ tó kún láti òfo, ó ń fẹ́ iṣẹ́ tí iná 19 watt lè ṣe ní nǹkan bí wákàtí kan. Ṣájà 5 watt yóò lò ju wákàtí mẹ́rin lọ, nítorí pé díẹ̀ nínú iná náà ń sọnù bí ooru. Ṣájà 18 watt, bí fóònù bá lè gbà á, lè mú un sún mọ́ kíkún láàárín wákàtí méjì. Iná ọba, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní NEPA bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ti parí láti ọdún 2005, kì í dúró pẹ́ ní àdúgbò púpọ̀. Bí ó bá wá fún wákàtí méjì péré lóru, ẹni tí ó ní ṣájà 5 watt yóò jí bá bátìrì tí kò kún dé ìdajì. Aládùúgbò rẹ̀ tí ṣájà rẹ̀ bá fóònù mu yóò lo tirẹ̀ di alẹ́.

Ohun kẹrin ni okùn. Ṣájà dára, okùn kò dára, òfo ni. Okùn tí wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín jù kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, òun fúnra rẹ̀ a sì máa gbóná. Okùn tí ó ti bó, tí wáyà rẹ̀ ti yọ síta, kì í ṣe ohun tí a ń fi sẹ́lótéèpù dì. Ńṣe ni kí a sọ ọ́ nù.

Ohun karùn-ún, tí ó ṣe kókó jù lọ, ni kí a yẹra fún ayédèrú. Nínú ṣájà ojúlówó, wọ́n fi àlàfo àti ohun tí iná kò lè gbà kọjá pààlà sáàárín 230 volt tí ń wọlé àti 5 volt tí ń jáde. Ẹni tí ń ṣe ayédèrú a máa dín pààlà yìí kù kí owó tí ó ń ná lè kéré. Ọjọ́ tí pààlà náà bá já, iná ilé yóò gba okùn dé ọwọ́ ẹni tí ó mú fóònù dání. Àmì ayédèrú kò ṣòro láti rí: a ṣi orúkọ ilé iṣẹ́ kọ, tàbí a kò kọ Input àti Output sí i rárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, ó ń dún, ó ń rùn, tàbí ó ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò lè gbà á. Àjọ SON, tí òfin ọdún 1971 dá sílẹ̀, ni ó ń ṣe àmójútó ìdíwọ̀n ọjà ní orílẹ̀-èdè wa, ṣùgbọ́n ojú oníbàárà ni ẹ̀ṣọ́ tí ó sún mọ́ ọjà jù lọ.

Ẹ kíyè sí ẹsẹ̀ ṣájà pẹ̀lú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wa ní ihò mẹ́ta. Ẹsẹ̀ gígùn ti òkè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ike lára ọ̀pọ̀ ṣájà, ni ó ń ṣí ìdérí ihò méjì tí ó kù. Àwọn kan a máa ra ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, wọn a sì máa fi bírò tàbí igi ìgbálẹ̀ ti ihò òkè kí ó lè wọlé. Ìwà ewu ni. Ìdérí tí a ṣe láti dáàbò bo àwọn ọmọdé ni wọ́n ń fipá ṣí. Ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kí ẹ rà.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà, ẹ má ṣe ra ṣájà lójú fèrèsé ọkọ̀ tí ó fẹ́ gbéra. Kí ẹ tó kà á, òǹtajà ti lọ. Ẹ lọ sí ìsọ̀ tí ẹ lè padà sí, ẹ ka ara ṣájà, ẹ ní kí wọ́n dán an wò lójú yín, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Bí ẹ bá délé, ẹ má ṣe fi fóònù tí ń gba iná sábẹ́ ìrọ̀rí tàbí sórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí bátìrì bá sì wú, ẹ má ṣe fi iná sí i mọ́ rárá.

Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ayédèrú a máa wọ́n nígbà mìíràn, ojúlówó a sì máa wà tí owó rẹ̀ kò pọ̀ jù. Nítorí náà, kì í ṣe iye owó nìkan ni kí a máa wò, kì í sì í ṣe ẹnu òǹtajà. Ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a kọ sára ṣájà kò tó ìdajì ojú ìwé yìí. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kà á ti dáàbò bo owó rẹ̀, fóònù rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀.