Kí Ẹ Tó Tú Ẹ́ńjìnì Tírákítọ̀ Kalẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí ìdí tí a kò fi ta tírákítọ̀ wa nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ó ti kú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan la ní irú rẹ̀.

Àwa mẹ́fà la fi owó àjọ ra á, Massey Ferguson 375 tọ́kúńbọ̀, ẹ́ńjìnì Perkins onísílíńdà mẹ́rin. Iṣẹ́ àgbàṣe la rà á fún. Ẹni tó bá mọ Kúrà, Garun Malam àti Bunkure mọ̀ pé ìdídò Tígà, tí wọ́n parí ní 1974, ló ń fún àwọn oko ibẹ̀ lómi, tí wọ́n fi ń gbin ìrẹsì àti àlìkámà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, inú ọyẹ́ gan-an ni wọ́n ń túlẹ̀, láti bí oṣù kọkànlá wọ oṣù kejì. Tírákítọ̀ tó bá dùbúlẹ̀ nígbà náà, owó ọdún ti lọ nìyẹn. Àgbẹ̀ tó ti san owó sílẹ̀ kò ní dúró dè ọ́ kí omi kànáàlì rẹ̀ ṣòfò.

Ní ọyẹ́ ọdún tó kọjá ni tiwa bẹ̀rẹ̀ ìṣekúṣe. Láàárọ̀, a óò tẹ sítátà títí bátìrì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kó tó dáhùn. Tó bá sì dé oko, tí díráfà bá ti sọ ohun èlò ìtúlẹ̀ kalẹ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á máa wọ́ bí ẹni tí ebi ń pa, nígbà mìíràn á kú pátápátá.

Mẹkáníìkì tí a kọ́kọ́ pè fetí sí i, ó mi orí. Ó ní ríìnì ti jẹ, pọ́ọ̀ǹpù ti bàjẹ́, kí a tú ẹ́ńjìnì kalẹ̀. Owó tó dá lé wa sún mọ́ owó ẹ́ńjìnì tọ́kúńbọ̀. Méjì nínú wa ní kí a pe àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹnì kan fi ìbínú dìde nípàdé, ó ní èmi ni mo kó wọn sí i. Ó dùn mí, torí pé òótọ́ ni.

Àgbàlagbà Haúsá kan, tó ti wa tírákítọ̀ ní Kadawa láti ìgbà èwe rẹ̀, ló yọ wá. Baba náà kò mú sípánà. Ó ní kí ọmọ wa máa tẹ sítátà, òun lọ dúró ti sàléǹsà. Ó wò ó títí, kò rí èéfín kankan. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ọ̀gá, iska ce.” Afẹ́fẹ́ ni.

Bó ṣe là á yé mi nìyí. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì bíi ti pẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ ló máa ń fún pọ̀ nínú sílíńdà, títí yóò fi kù bí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún, tí yóò gbóná débi pé epo tí nọ́sù bá fín sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yí kíákíá, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé dáadáa, epo tí kò ní omi tàbí afẹ́fẹ́ nínú gbọ́dọ̀ dé nọ́sù. Èéfín ló ń sọ èyí tó sọnù. Bí ẹ bá ń tẹ sítátà tí kò sí èéfín rárá, epo kò dé ibẹ̀. Bó bá funfun, epo ń dé ṣùgbọ́n kò jó: ó lè jẹ́ òtútù, ó lè jẹ́ omi nínú epo, ó lè jẹ́ bátìrì tí kò lágbára, ó sì lè jẹ́ ríìnì lóòótọ́. Bó bá dúdú kìjikìji lẹ́nu iṣẹ́, afẹ́fẹ́ kò tó, tàbí nọ́sù ń da epo dànù. Èyí tó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń jó níbẹ̀.

Baba tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lórí fílítà, ó ní kí ọmọ máa fọwọ́ tẹ fíídì pọ́ọ̀ǹpù. Dípò kí epo tú jáde gaara, ìfófòó ló ń yọ. Rọ́bà tó ti táńkì wá ti sán níbi tí kílíìpù ti mú un. Ojú ibẹ̀ kéré débi pé epo kò jò síta, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń ráyè wọlé. Lóru, epo á sàn padà sínú táńkì, ìdí nìyẹn tí kì í fi tètè jí. Lóko, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń béèrè epo púpọ̀, afẹ́fẹ́ á bá epo wọlé, agbára á lọ. Àrùn kan ṣoṣo ni, àwa ń pè é ní méjì.

Ó tún tú ìdí táńkì. Ẹrẹ̀ ló dí ẹnu ọ̀nà epo. Ẹ̀bi wa ni èyí. Ní 2024 tí lítà dísẹ́ẹ̀lì kan wà lókè ₦1,000, inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì la ti ń rà á torí pé ó dín díẹ̀. Àwọn kan ń fi nǹkan mìíràn lù ú, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fọ kẹ́ẹ̀gì. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ra irú rẹ̀, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kó tó wọ táńkì, kí ẹ má sì da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí rẹ̀ sí i. Ẹ kún táńkì ní ìrọ̀lẹ́, torí òtútù òru máa ń sọ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ táńkì tó ṣófo di omi.

Rọ́bà, kílíìpù méjì, fílítà àti wọ́ṣà kọ́pà la rà. Gbogbo rẹ̀ kò tó owó tí mẹkáníìkì ní kí a kọ́kọ́ mú wá. N kò sọ pé gbogbo mẹkáníìkì lolè o. A lé afẹ́fẹ́ jáde láti orí fílítà, lẹ́yìn náà lára pọ́ọ̀ǹpù ńlá, lẹ́yìn náà lẹ́nu nọ́ọ̀tì àwọn páìpù nọ́sù. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ dí ibi tí nọ́sù ti ń fín epo, agbára rẹ̀ lè gún awọ wọnú ẹran ara.

Ẹ́à kílínà náà kò gbẹ́yìn. Ọ́ìlì inú abọ́ rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ nítorí eruku. Nígbà ọyẹ́, ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa ṣí i wò. Ẹ wo ihò kékeré orí ìdérí táńkì bóyá ó ti dí, ẹ ha orí bátìrì, kí ẹ sì rí i pé wáyà tí ẹ fi ń pa ẹ́ńjìnì padà síbi tó yẹ pátápátá. Èyí tó bá dúró sí ìdajì nìkan lè fa wàhálà méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń da pẹtiróòlù sí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, tàbí tó ń dáná sábẹ́ ẹ́ńjìnì láàárọ̀, ẹ jáwọ́. Ọ̀nà tí ríìnì àti písítìnì fi ń fọ́ nìyẹn, iná sì lè ṣẹ́ yọ. Omi gbígbóná nínú radiétọ̀ sàn jù.

Tírákítọ̀ náà túlẹ̀ ní Kúrà títí oṣù kejì fi parí. Ẹni tó bínú nípàdé yẹn ló ń bu epo sí i báyìí ní alaalẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fi aṣọ sẹ́ ẹ.