Jẹjẹrẹ kejì: ṣé èyí àtijọ́ ló padà wá ni, àbí òmíràn ni?

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá àgbà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 14 sẹ́yìn, wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ọmú rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó gba kẹ́mò, irun rẹ̀ re, irun tún hù padà, ìyá sì padà sídìí òwò wọn. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà sọ pé jẹjẹrẹ wà nínú ìfun ńlá wọn. Kí ni gbogbo ilé kọ́kọ́ sọ? "Háà, ó ti padà wá!"

Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Bó bá sì jẹ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú tí wọ́n máa gbà yàtọ̀ pátápátá.

Ibi tí jẹjẹrẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú bá ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀, jẹjẹrẹ ọmú ló ṣì ń jẹ́, oògùn jẹjẹrẹ ọmú náà ni wọ́n á sì lò fún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìfun fúnra rẹ̀ ló ya pòókíì, àìsàn tuntun nìyẹn. Kò bá ti àkọ́kọ́ tan. Ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀ yìí, àwòrán inú ara nìkan kì í sì í sábà tó. Wọ́n á gé bíńtín lára ẹran ibẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, wọ́n á sì fi àwọn èròjà kan pa á láró kó lè hàn bóyá ọmú ni sẹ́ẹ̀lì náà ti wá tàbí ìfun. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò sídìí láti tún gé e nítorí pé "a ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀", ẹ bi í pé báwo ló ṣe mọ̀.

Kí ló wá dé tí ẹnì kan fi máa ní méjì? Ọjọ́ orí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbàkigbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ da DNA rẹ̀ kọ, àṣìkọ sì máa ń wọ̀ ọ́. Ara ń tún ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe, àmọ́ àwọn tó ṣẹ́ kù ń gbára jọ lọ́dọọdún. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018 wo àwọn tí wọ́n rí jẹjẹrẹ lára wọn láàárín 2009 sí 2013. Nínú àwọn tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni 1 nínú 4 ló ti ní jẹjẹrẹ rí. Nínú àwọn tí kò tíì pé 65, nǹkan bí 11 nínú 100 ni. Àjogúnbá náà wà níbẹ̀: ẹni tí àbùkù bá wà lára BRCA1 tàbí BRCA2 rẹ̀ lè ní ti ọmú, kó tún ní ti ibi tí ẹyin obìnrin ń gbé. Sìgá ń ba ọ̀fun, ẹ̀dọ̀fóró àti àpò ìtọ̀ jẹ́ papọ̀. Ìtànṣán àti àwọn oògùn kan tí wọ́n fi wo àkọ́kọ́ sàn náà lè dá ọgbẹ́ sí DNA tí yóò yọjú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyẹn ò sọ pé ìtọ́jú yẹn burú o. Láìsí i, ìyá lè má rí ọdún 71. Ẹ sì kíyè sí i pé kò sí "wọ́n fi ṣe wọ́n ni" nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí.

Ohun kan tí ẹ̀yin ọmọ ilé lè ṣe lónìí: ẹ wá káàdì àti ìwé ilé ìwòsàn àtijọ́ wọn rí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Oògùn pupa kan wà tí wọ́n ń pè ní doxorubicin, tó lè ba ọkàn jẹ́. Iye tí ènìyàn lè gbà ní gbogbo ayé rẹ̀ ní òdiwọ̀n. Bí dókítà tuntun ò bá mọ iye tí wọ́n ti gbà, inú òkùnkùn ló ń ṣiṣẹ́. Bákan náà ni ìtànṣán: ibi tó ti jẹ ìtànṣán dáadáa rí kì í sábà lè gba irú iye bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó ku ohun tí káàdì ò lè sọ. Ẹni tí èyí jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ mọ ohun tó ń bọ̀. Ó mọ òórùn yàrá kẹ́mò. Ó ti ṣe ìdúpẹ́, ó ti jẹ́rìí níwájú ìjọ, àwọn ènìyàn ti wọ aṣọ ẹbí wá bá a jó. Ojú wá ń tì í láti sọ pé òmíràn dé. Bí a bá sì ní "ẹ ṣe ọkàn gírí, ẹ ti borí rẹ̀ rí", a rò pé à ń tù wọ́n nínú ni, àmọ́ ńṣe là ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Níbi tí ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣe rí ti wúlò nìyẹn, torí kò sídìí láti máa ṣe bí akọni níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1952, ní New York, Terese Lasser, tí wọ́n gé ọmú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn wò. Ó máa ń mú bọ́ọ̀lù kékeré àti okùn dání, kí wọ́n lè fi na apá wọn padà. Àwọn dókítà kan ò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó di 1969, ẹgbẹ́ American Cancer Society gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Nílùú Ìbàdàn, Betty Anyanwu-Akeredolu, tí jẹjẹrẹ ọmú ṣe òun náà, dá BRECAN sílẹ̀ lọ́dún 1997.

Ṣé ẹgbẹ́ lè mú ẹ̀mí gùn? Lọ́dún 1989, David Spiegel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé nínú obìnrin 86 tí jẹjẹrẹ ọmú wọn ti tàn káàkiri ara, àwọn tó ń pàdé nínú ẹgbẹ́ pẹ́ láyé tó ìlọ́po méjì àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ariwo ta! Ṣùgbọ́n nígbà tí Pamela Goodwin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà tún un ṣe pẹ̀lú obìnrin 235, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2001, ẹ̀mí ò gùn jù bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó yí padà ni ìrora àti ìbànújẹ́: ó dín kù, pàápàá lára àwọn tí ìdààmú wọn pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn tóbi tó láti wá ẹgbẹ́ kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ẹgbẹ́ tó fún kíkọ kẹ́mò sílẹ̀, tàbí tó ń ta àgbo nínú ìpàdé, ẹ sá fún un.

Ìyá tí kò lè wọ mọ́tò lọ sí ìpàdé lè bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ibi tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú bóyá ó mọ àgbàlagbà kan tó ti là á kọjá lẹ́ẹ̀mejì, tó sì gbà láti sọ̀rọ̀. Ẹ bá wọn tẹ nọ́ńbà, kí ẹ gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì jáde kúrò nínú yàrá.